Irin Tí Mo Lọ Wá fún Ọgbà Ilé Wa

Aago márùn-ún ìdájí ò tíì lù tí mo ti wà lẹ́bàá títì ní Ìlọrà. Mo wọ kóòtù, mo dé fìlà, mo sì gbé báàgì aláwọ tí mo máa ń kó ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé sí dání. Kò sí ìwé nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tépù tí a fi ń wọn ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti bírò, àti ìwé pélébé kan tí mo kọ gígùn àti ìbú ilẹ̀ wa sí, àti ìdajì búrẹ́dì tí ìyàwó mi dì sínú ọ̀rá. Ọjọ́ Sátidé ni. Ọyẹ́ ń mú, ètè mi ti bó, epo mọ́tò sì wọ́n lọ́dún náà débi pé ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn wákàtí kan ní láti fi wákàtí méjì dúró de ọkọ̀. Mo ń rìn síwá, mo ń rìn sẹ́yìn. Ìyàwó mi ti máa ń sọ pé bí òun bá rí mi tí mo dúró sójú kan, òun á mọ̀ pé ara mi ò yá.

Kí ẹ má baà rò pé ọjà ni mo fẹ́ lọ ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi jáde. Ìyá mi ni. Wọ́n ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ dáadáa, láti ìgbà òjò tó kọjá ni iyè wọn sì ti ń ra. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n ń ṣarán. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì ní òmíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń pe ìyàwó mi ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, wọ́n ń bu iyọ̀ sí ògì. Ìyẹn ò pa wá lára. Ohun tó ń pa wá lára ni pé wọ́n máa ń jáde. Ìgbà àkọ́kọ́, inú ilé ìsìn la ti bá wọn, wọ́n ń gbálẹ̀. Ìgbà kejì, ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni. Ìgbà kẹta, ó di Fìdítì, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí ẹnì kan tó ránṣẹ́ sí wa.

Ilé wa ò jìnnà sí títì rárá. Tírélà tó ń ti òkè ọya bọ̀ kì í dẹ ìrìn nígbà tó bá dé iwájú wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn kọ lẹ́tà sí mi, kò kí mi tán tó fi sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà: kí n ṣe ọgbà yí ilé ká kíákíá, nítorí pé bí mọ́tò bá gbá Màmá, èmi ni òun yóò bi. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ tí bíréèkì han lójú títì, inú kíláàsì ni mo máa ń wà, ẹfun á sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àmọ́ ọgbà kì í ṣe àṣà wa nílé. Agboolé wa ò ní ògiri láàárín ilé kan àti èkejì. Ẹni tó ń kiri epo gba iwájú ilé wa kọjá, ewúrẹ́ gba ẹ̀yìn, ẹni tó fẹ́ lọ kí aláìsàn gba àárín. Bí ẹnì kan bá ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká, a ó máa bi ara wa pé ta ló bá a jà. Pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń mọ ààlà, pèrègún kì í sì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Èmi mọ ìṣirò, mo mọ Bíbélì, mi ò mọ irin. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé n ó fojú ara mi rí oríṣi mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń lò lágbègbè wa, n ó bi àwọn tó ni wọ́n léèrè, n ó sì ti yan ọ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Akínmọ̀ọ́rìn ni n ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà Fìdítì, lẹ́yìn náà Awẹ́.

Ojú ti ń mọ́ kí bọ́ọ̀sì kan tó dúró. Náírà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà dé oríta Akínmọ̀ọ́rìn tẹ́lẹ̀. Náírà márùn-ún ni awakọ̀ náà dá, kò sì sí ẹni tó bá a jà. Múfú lorúkọ rẹ̀, ọmọ àdúgbò wa ni, ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó fi mí síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nítorí pé mo jẹ́ tíṣà. A ò tíì rìn jìnnà tó fi wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Tíṣà, ara Màmá ńkọ́?"

Mo ní ara wọn le.

"Ẹ bá mi kí wọn. Mo gbé wọn rí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ibi tí ẹ jókòó sí yìí gan-an ni wọ́n jókòó sí. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn."

"Níbo lo gbé wọn lọ?"

"Fìdítì ni. Mo ní ẹ káàárọ̀ mà, wọ́n ní Fìdítì, mo ní ẹ wọlé. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi títí a fi débẹ̀."

Inú bí mi. "O ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? O ò bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ lọ rí?"

Múfú fẹsẹ̀ kan bíréèkì, bí ẹni tí mo bú. "Èmi? Kí n wá máa bi ìyá àgbà pé níbo lẹ ń lọ? Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ṣáà kọ́ wa pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni!"

Obìnrin kan tó gbé adìẹ mọ́ra lẹ́yìn wa dá sí i. "Ó kúkú sọ òótọ́. Ta ló ń bi àgbà léèrè ibi tó ń lọ?"

Àwa la kọ́ wọn lóòótọ́. Èmi fúnra mi ti na ọmọ kan lẹ́gba mẹ́rin rí nítorí pé ó bi ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa pé, "Sà, níbo lẹ ń lọ?" Mo wá ń rò ó bí ọkọ̀ ti ń lọ. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé títì lọ́jọ́ náà, kò lè má tó èèyàn mẹ́wàá tí ìyá mi bá pàdé. Gbogbo wọn ló kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọn ló ní ẹ máa rìn o mà, ire lẹ máa bá pàdé. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Ẹ̀kọ́ ilé ló sìn wọ́n dé Fìdítì. Inú tó ń bí mi ò wá mọ ibi tí yóò gbà.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní oríta, mo fún ọlọ́kadà ní náírà méjì, ó sì gbé mi gba ojú ọ̀nà eléruku dé oko Bàbá Sàlámì. Mo kọ́ ọmọ bàbá yìí méjì níwèé, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí n kí wọn tán tí wọ́n fi ní kí wọ́n wá nǹkan fún mi jẹ. Gààrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada ni wọ́n bù wá, ó gbóná, ó ń ró kẹ̀kẹ̀ lẹ́nu, wọ́n fi ẹ̀pà yíyan tì í. Gààrí tiwa ní Ìlọrà dára, àmọ́ ti Akínmọ̀ọ́rìn kan jù ú lọ, ẹni tó bá mọ gààrí ò ní bá mi jiyàn. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

"Tíṣà, ẹ jókòó," Bàbá Sàlámì ní.

"Mo dúpẹ́, sà. Wáyà yín ni mo wá wò."

Oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, okùn wáyà mẹ́rin lórí ara wọn, òpó igi tíìkì ló sì gbé e dúró. Mo wọn àárín òpó kan sí èkejì, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Wọ́n ní róòlù kan jẹ́ irínwó náírà ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn rà á, ó ti lè lé sí i báyìí. Mo ṣírò rẹ̀ sórí ìwé mi. Róòlù mẹ́rin yóò yí ilẹ̀ wa ká, a sì lè gé òpó lóko ara wa. Mo rò pé kò sí èyí tí owó rẹ̀ yóò kéré tó o. Ara mi fẹ́ balẹ̀.

"Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ sé mọ́lé, tíṣà?" Bàbá Sàlámì bi mí.

Mi ò mọ ìgbà tí irọ́ jáde lẹ́nu mi. "Ewúrẹ́ ni, sà."

"Ó dáa. Ó ń dá ewúrẹ́ dúró. Àmọ́ ẹ wá wo nǹkan kan."

Wọ́n mú mi lọ sí igun oko. Ìdajì apá dàńṣíkí kan ló há sára ẹ̀gún irin níbẹ̀, ó ti ṣá. Wọ́n ní ti àwọn ni. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n fi àpá kan hàn mí tó bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún tó sì lọ sókè itan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fẹ́ gba abẹ́ wáyà náà kọjá kí òjò má baà pa wọ́n, àwọn tó ṣe ọgbà fúnra wọn. "Ẹ̀gún igi máa ń ṣẹ́ sí èèyàn lára," wọ́n ní, "eléyìí kì í ṣẹ́. Bí o bá ṣe ń jà mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń dì ọ́ mú."

Mo ń wo àpá náà, awọ ọwọ́ ìyá mi ni mo ń rí. Awọ wọn ti fẹ́lẹ́ débi pé bí ọmọ bá di ọwọ́ wọn mú gírígírí, ojú ibẹ̀ á pọ́n títí di ọjọ́ kejì. Mo fi bírò fa ìlà sórí gbogbo ìṣirò tí mo ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, mo sì ń yára lọ kí wọ́n má baà tún bi mí léèrè ewúrẹ́.

Mo dé Fìdítì ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba ọ̀nà yẹn kọjá nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé ọsàn ni èèyàn yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí ilé. Wọ́n tò ó jọ sórí àpò lẹ́bàá títì, mẹ́rin náírà kan, bí ọkọ̀ bá sì ti dẹ ìrìn báyìí, àwọn tó ń tà á á ti yọ ọwọ́ bọ ojú fèrèsé. Ní Ìlọrà, ẹni tó ń tajà máa ń dúró kí o kí òun kó tó dá iye fún ọ. Ní Fìdítì, ọsàn á ti wà lórí itan rẹ kí o tó mọ̀ pé o fẹ́ rà á. Mo ra mẹ́jọ nítorí pé mi ò mọ bí a ṣe ń kọ̀.

Ọ̀dọ̀ Màmá Títí ni mo ń lọ, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tí a jọ máa ń pàdé ní àpéjọ ìjọ. Òun ló ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ tí ìyá mi sọnù. Oko ọsàn rẹ̀ kò jìnnà sí títì, páànù ló sì fi yí i ká, ògbólógbòó páànù tí wọ́n ká lórí ilé, tí wọ́n kàn mọ́ igi. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń dún gbàlà gbàlà. Mo kàn án títí ọwọ́ fi ń dùn mí kí ohùn kan tó dáhùn láti inú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Tíṣà Ìlọrà."

"Tíṣà wo?"

Mo ní láti sọ orúkọ bàbá mi kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, bí àwọn ti ń gbé ayé nìyẹn láti ìgbà tí òun ti kan páànù. Olè ò rí ọsàn tó pọ́n mọ́, àmọ́ òun náà ò mọ ẹni tó ń kọjá mọ́. Ẹnì kan bímọ ní ilé kejì, ọjọ́ kẹta ni òun tó gbọ́. Ó bó ọsàn fún mi, ó sì dá iye: òjìlélẹ́gbẹ̀ta náírà ni òun ra gbogbo ògbólógbòó páànù náà, tuntun á ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fọwọ́ ti páànù náà, ó mì, kò wó. Kò ní ẹ̀gún. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ ò lè gùn ún.

Mi ò lè pa irọ́ ewúrẹ́ fún Màmá Títí, ó mọ ohun tó gbé mi wá. Ó mú mi jáde, ó sì nawọ́ sí ọ̀ọ́kán.

"Iwájú ilé ìwé yẹn ni mo ti rí wọn. Orí òkúta yẹn ni wọ́n jókòó sí. Mo kí wọn láàárọ̀, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n bi mí léèrè àwọn ọmọ. Mo kí wọn lọ́sàn-án. Ìgbà tí mo fẹ́ kí wọn nírọ̀lẹ́ ni mo wá rí i pé kíkí ọ̀hún ti ń pọ̀ jù."

"Ẹ ò bi wọ́n léèrè, mà?"

"Wọ́n jù mí lọ, tíṣà." Ó yíjú sí mi. "Àbí wọ́n ní ẹbí níbí ni?"

Mo ní rárá. Mo wo ilé ìwé náà. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé mọ́dà, èyí tí à ń kà lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ti kọ́ ilé míì kún un, wọ́n ti gé igi máńgòrò tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé ó ti rẹ Màmá, òkúta yẹn ni wọ́n sì rí jókòó lé. Mo tún ìwé mi ṣí, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò páànù.

Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ ni mo wọ̀ ní Fìdítì, èyí túmọ̀ sí pé n ó gba Ìlọrà kọjá láìsọ̀kalẹ̀. Mo ti sún mọ́ fèrèsé kí a tó débẹ̀. Mo rí ilé wa. Mo rí ìyàwó mi níwájú ilé, ó ń tẹ́ èlùbọ́ sóòrùn. Mi ò rí ìyá mi. Mo gbé ọwọ́ sókè pé kí awakọ̀ dúró, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá inú ń run mí. A ti kọjá. Mo sọ fún ara mi pé inú yàrá ni wọ́n wà, wọ́n ń sùn ni, aago méjìlá ni wọ́n máa ń sùn. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni. Títí tí a fi dé Ọ̀yọ́ ni mo ń wo iwájú wo ẹ̀yìn, gbogbo ìyá àgbà tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà ni mo ń yọrí wò.

Láti Ọ̀yọ́ sí Awẹ́ kò tó nǹkan. Awẹ́ kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa, àmọ́ ní ti ọgbà, wọ́n ti lajú jù wá lọ. Àwọn tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti gbé ìlú ńlá fún ọgbọ̀n ọdún kì í lè sùn láìsí géètì. Gàní ni wẹ́dà tí wọ́n júwe fún mi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jó irin lábẹ́ igi ọdán pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ méjì. Ó mú mi lọ wo ọgbà tó ṣe fún bàbá kan tó fẹ̀yìn tì. Wáyà àwọ̀n ni, èyí tí wọ́n hun bí àwọ̀n apẹja, ó ń dán, òpó irin ló gbé e dúró nínú kọnkéré. Mo fọwọ́ kàn án, kò gún mi, kò sì mì. Mo rí òdòdó inú ọgbà, mo rí bàbá náà tó ń ka ìwé ìròyìn lórí àga. Ẹni tó ń kọjá kí i láti ìta, ó sì dáhùn láìdìde. Ó wù mí gan-an. Gàní ní róòlù kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, òpó lọ́tọ̀, símẹ́ńtì lọ́tọ̀, géètì lọ́tọ̀. Kò ní wá sí ìsàlẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

"Kí lẹ fẹ́ sé mọ́lé, sà?"

"Ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ mélòó?"

Mi ò tíì pèsè ìdáhùn ìyẹn sílẹ̀. "Ẹyọ kan."

Gàní fi irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹyọ kan! Sà, ẹ fẹ́ ná ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà lórí ewúrẹ́ kan ṣoṣo? Ẹ pa á jẹ, kí ẹ sì pè wá sí i!"

Àwọn méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, mo ṣí ẹnu, omi ló dà lójú mi. "Ìyá mi ni," mo ní.

Gàní bọ́ awò dúdú tó fi ń jó irin, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èépá irin tó wà nílẹ̀. Mo ní kó dìde, kò gbà. Ó gbé bẹ́ǹṣì fún mi, mo sì jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ṣé wọ́n máa ń rìn lọ ni, sà?"

"Wọ́n máa ń rìn lọ."

"Ìyá bàbá mi ṣe é. Inú yàrá la tì wọ́n mọ́." Kò sọ bó ṣe parí, mi ò sì bi í. "Ẹ má ra wáyà yìí, sà. Mo ń lé owó lọ o, àmọ́ ẹ má rà á. Ẹbàá títì lẹ ní ilé yín wà. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá ni yóò máa rí wọn nínú wáyà. Páànù ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ gbé e ga. Ìta ò ní rí wọn, àwọn náà ò ní rí ìta, ohun tí ojú wọn ò bá sì rí, ọkàn wọn ò ní máa fà síbẹ̀."

Ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àárọ̀ ló sọ jáde yẹn. Ìtìjú ni. Mo ti ń rí i bí àwọn òbí ọmọ ilé ìwé yóò ṣe máa kọjá, tí wọ́n á máa ní, wo ìyá tíṣà nínú wáyà. Páànù yóò bo gbogbo rẹ̀. Mo ní páànù ni, ẹsẹ̀ bàtà méje ní gíga, tuntun. A fẹnu kò pé yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá ní Ọjọ́ Ajé. Ó yẹ kí ara mi balẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tí mo fi dé ibùdókọ̀, mo ti yọ ìwé mi jáde lẹ́ẹ̀mẹrin láti wò ó bóyá mo ṣì ìṣirò.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ tó gbé mi padà dé Ìlọrà. Kí ó tó dúró ni mo ti rí wọn. Ìyàwó mi àti ìyá mi ló wà lẹ́bàá títì, ìyàwó mi di ọwọ́ wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá mi wọ aṣọ ilé ìsìn, wọ́n wé gèlè, wọ́n gbé abọ́ kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ dì mọ́ra. Tírélà kan kọjá, gèlè wọn mì.

"Láti aago mẹ́rin ni wọ́n ti múra," ìyàwó mi ní. "Mi ò lè mú wọn wọlé. Bí mo bá fà wọ́n, wọ́n á máa sunkún."

Mo sún mọ́ wọn. Èmi tí mo ti tó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, mi ò bi ìyá mi ní ìbéèrè yìí rí láyé mi, àti nígbà tí orí wọn pé àti nígbà tí kò pé. Ó ṣòroó sọ.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo fìlà mi, wọ́n wo báàgì ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra tẹ orúnkún, ìyá tó bí mi lọ́mọ, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi níbẹ̀, mo sì yára gbá wọn mú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, tíṣà," wọ́n ní. "Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ pàdé. Àkànní lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ní Fìdítì ló wà. Ó máa ń wálé bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, mi ò sì tíì rí i. Ebi á ti máa pa á. Ṣé ẹ ti tú wọn sílẹ̀ ni, sà?"

Èmi ni Àkànní. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà yẹn, ilé olùkọ́ni kan ni mo ń gbé ní Fìdítì, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ìyá mi a máa wá pàdé mi lọ́nà pẹ̀lú oúnjẹ nínú abọ́, nígbà míì wọ́n á rìn títí dé iwájú ilé ìwé, wọ́n á jókòó dè mí. Ojú a máa tì mí lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wá mọ́. Mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ pátápátá.

"Mo ti tú wọn sílẹ̀, mà," mo ní. "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i. Kò ní pẹ́ dé."

Ara wọn rọ̀. Wọ́n rọ̀jò àdúrà lé mi lórí, pé ọmọ tèmi náà ò ní pẹ́ lọ́nà. Wọ́n jẹ́ kí a mú wọn padà síwájú ilé láìjanpata, àmọ́ wọn ò wọlé. Àpótí tí wọ́n fi ń jókòó dáná ni wọ́n fà jáde, wọ́n sì gbé e síbi tí wọn yóò ti máa rí títì dáadáa. Ojú ibẹ̀ gan-an ni mo ti wọ̀n láàárọ̀ àná pé òpó àkọ́kọ́ ọgbà yóò wà.

Kí a tó lọ sí ilé ìsìn ní ọjọ́ kejì, mo fún Múfú ní ìwé pé kó bá mi fi jíṣẹ́ fún Gàní ní Awẹ́: kó fi páànù sílẹ̀, wáyà àwọ̀n ni kó gbé wá, kó má sì jẹ́ kó ga ju àyà èèyàn lọ níwájú. N ó wá ibi tí n ó ti rí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ wò wá nínú wáyà, kó máa wò wá. Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí mo sì ń bẹ̀ yín fún kò ju ọ̀kan lọ: bí ẹ bá rí ìyá àgbà tó ń dá rìn lójú títì, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pé níbo lẹ ń lọ. Bí wọ́n bá ní ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ ní èmi ni mo kọ́ yín.

Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé yẹn, mi ò tíì ro ọ̀rọ̀ wáyà. Mo bọ́ fìlà mi, mo gbé àga kan jáde, mo sì jókòó ti ìyá mi. Wọ́n gbé abọ́ náà lé itan kó má baà tutù. Ọkọ̀ ń ti ọ̀nà Fìdítì bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí èyíkéyìí bá sì ti dẹ ìrìn, wọ́n á na ọrùn, èmi náà á nà án, àwa méjèèjì jọ ń retí mi.